Ẹ̀rọ ímeèlì ní 412 ló tẹ líǹkì, Analytics ní 37 ló wọlé: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Afìwéránṣẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 8:12 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú láti àná.

Ẹ̀kọ́ fọ́tò yíyà ni mo ń tà lórí ìkànnì mi. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn tó forúkọ sílẹ̀, wọ́n ń lọ sí bíi 3,000. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kéde ẹ̀kọ́ tuntun. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ tí mo fi ń ránṣẹ́ sọ pé èèyàn 412 ti tẹ líǹkì. Inú mi dùn, mo sáré lọ wo Google Analytics, ẹ̀rọ tó ń ka àwọn tó wọ ìkànnì mi, ni mo bá bá 37 níbi tí wọ́n kọ "Email" sí. Mẹ́tàdínlógójì péré! "Direct" tí kì í ju ogún lọ lójúmọ́ wá fò sókè di 190. "Unassigned" kan tún wà níbẹ̀ tí n kò rí rí, 61 ló wà nínú ẹ̀.

Kì í ṣe pé n kò fi àmì utm, tó ń sọ ibi tí àlejò ti wá, sí líǹkì o. Mo fi sí i. Ta ló ń parọ́ fún mi nínú àwọn méjèèjì?

Dáwódù · 8:30 àárọ̀

Kò sẹ́ni tó ń parọ́. Ẹni tó bá ti inú áàpù ímeèlì tẹ líǹkì, Analytics kì í mọ ibi tó ti wá, "Direct" ló máa ń kó o sí. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Fọkàn balẹ̀.

Màmá Líǹkì · 9:05 àárọ̀

Dáwódù, ìdajì ọ̀rọ̀ lo sọ. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ áàpù ímeèlì kì í sọ fún ìkànnì pé "ọ̀dọ̀ mi ni àlejò yìí ti ń bọ̀". Bí líǹkì bá wà lófìfo, "Direct" náà ni yóò bọ́ sí. Àmọ́ nítorí àìsàn yẹn gan-an la ṣe ń fi utm sí líǹkì. Bí àmì bá wà lára líǹkì, tó sì bá àlejò dé ojú ewé, Analytics kò nílò kí áàpù kankan sọ nǹkan kan fún un, ara àdírẹ́sì ni yóò ti kà á. Bí "Direct" bá wá fò báyìí lọ́jọ́ tí lẹ́tà jáde gan-an, á jẹ́ pé àmì já bọ́ lójú ọ̀nà ni, tàbí kó jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ rárá.

Fún ẹni tó bá ń kà tí kò mọ̀ ọ́n: Urchin Tracking Module ni utm. Urchin ni ilé iṣẹ́ tó ni ín kí Google tó rà wọ́n ní 2005, inú ọdún yẹn náà ni Google Analytics sì jáde. Orúkọ Urchin ti lọ, lẹ́tà mẹ́ta yẹn ló kù. Ẹ má ṣe fi mẹ́ta sílẹ̀ láé: utm_source, ìyẹn ẹni tó rán àlejò wá, utm_medium, irú ọ̀nà tó gbà wá, utm_campaign, orúkọ ìpolongo náà. Bí líǹkì bá ju ẹyọ kan lọ nínú lẹ́tà kan, ẹ fi utm_content kún un, kí ẹ lè mọ̀ bóyá bọ́tìnnì ni wọ́n tẹ̀ tàbí àwòrán. utm_term, tìpolówó orí ẹ̀rọ ìṣàwárí nìyẹn, kò kan ímeèlì.

Afìwéránṣẹ́, da líǹkì rẹ síbí bó ṣe wà nínú lẹ́tà gẹ́lẹ́. Fi example.com rọ́pò orúkọ ìkànnì rẹ.

Àgbà Òwò · 9:22 àárọ̀

Èmi kò bá utm yìí da nǹkan pọ̀ rí, mo sì ń tà. Kóòdù ẹ̀dínwó ni mo máa ń kọ sínú lẹ́tà. Ẹni tó bá lò ó nígbà tó ń sanwó, lẹ́tà ló gbé e wá. Ó parí.

Màmá Líǹkì · 9:27 àárọ̀

Ó dára fún ẹni tó rà, sà. Ẹni tó dé ojú ewé, tó kà á dé ìdajì, tó wá yí ẹ̀yìn padà ńkọ́? Kóòdù kò lè ròyìn tiẹ̀ fún yín. Àwọn yẹn sì ni wọ́n pọ̀ jù.

Afìwéránṣẹ́ · 10:40 àárọ̀

Ẹ ṣé, mà. Líǹkì mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà náà. Bọ́tìnnì ńlá tó wà lókè:

http://example.com/eko?utm_source=leta&utm_medium=email&utm_campaign=eko-tuntun

Àwòrán tó wà láàárín:

https://www.example.com/eko/?utm_source=leta&utm_medium=newsletter&utm_campaign=Eko Tuntun

Ọ̀rọ̀ kékeré tí mo kọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn tí mo fọwọ́ sí i tán:

https://www.example.com/eko/?utm_source=leta&utm_medium=email&utm_campaign=eko-tuntun

Ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kọ wọ́n, ẹ má bínú.

Ọ̀gbẹ́ni Wáyà · 11:15 àárọ̀

Mo ti rí i. Gbé líǹkì bọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìsàlẹ̀ kí o wò wọ́n lẹ́tà sí lẹ́tà. Tìsàlẹ̀ ní https, ó ní www, ó sì ní àmì / lẹ́yìn "eko". Ti bọ́tìnnì kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dà bíi pé tìsàlẹ̀ yẹn ni ojúlówó àdírẹ́sì rẹ. Ẹni tó bá gba ti bọ́tìnnì, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì rẹ wà lórí rẹ̀, á kọ́kọ́ sọ fún un pé "a ti kó kúrò níbí, ọ̀hún ni kó o gbà". Bí ẹni tó ṣètò ìdarí yẹn kò bá ní kó gbé ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè dání, gbogbo utm á dà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àlejò wọlé lọ́wọ́ òfo, ó di "Direct".

Má kàn gbà mí gbọ́ o. Ṣe ẹ̀dà líǹkì tó wà lára bọ́tìnnì, ṣí fèrèsé àdáni lórí bíráúsà rẹ, lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, dúró kí ojú ewé ṣí tán, kí o wá wo ibi àdírẹ́sì lókè. Bí utm bá ṣì wà níbẹ̀, èmi ni mo ṣìnà.

Ẹ̀rọ ímeèlì rẹ kò tilẹ̀ lè mọ̀. Ó máa ń fi líǹkì tirẹ̀ bo tìrẹ kó lè ka iye ẹni tó tẹ̀ ẹ́, á wá ti àlejò sójú ọ̀nà. Iṣẹ́ tirẹ̀ tán síbẹ̀. Bóyá àlejò dé, bóyá àmì bá a dé, kò kàn án.

Ti àwòrán, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Àmì rẹ̀ dé ilé láìfarapa, ṣùgbọ́n GA4, ìyẹn Google Analytics tí à ń lò báyìí, kò mọ "newsletter" sí medium. Kó tó kó àlejò sábẹ́ "Email", source tàbí medium gbọ́dọ̀ jẹ́ email, e-mail, e_mail tàbí e mail. Bí kò bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí kò sì bá òfin mìíràn mu, "Unassigned" ló ń lọ. Ibẹ̀ ni 61 rẹ ti ń jókòó.

Àti pé "Eko Tuntun" pẹ̀lú "eko-tuntun", ìpolongo méjì ni wọ́n lójú Analytics. Ó máa ń fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà burú: bó bá ṣe ẹ́ lóore, á di %20, bí kò bá ṣe ẹ́ lóore, áàpù kan á gé líǹkì náà sí méjì níbẹ̀.

Dáwódù · 11:31 àárọ̀

Mo gbà ti ìdarí yẹn, n kò ronú kàn án. Ṣùgbọ́n "newsletter" tí ẹ ń bá wí, òun ni mo ti ń lò tipẹ́, kò sì pa mí lára. Ohun tó bá wu èèyàn ló lè kọ síbẹ̀. Source pẹ̀lú medium ni mo máa ń wò, n kì í wo channel, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ bíi "Email" àti "Direct".

Ọ̀gbẹ́ni Wáyà · 11:38 àárọ̀

Bí o kì í bá wo channel, kò lè pa ọ́ lára lóòótọ́. Ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ bá wò ó ni.

Màmá Líǹkì · 11:50 àárọ̀

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ẹni tó bá ti fi orúkọ tó wù ú kó nǹkan jọ fún ọjọ́ pípẹ́ kò ní láti ju ú nù. GA4 fàyè gba kí èèyàn ṣe channel group tirẹ̀, kó kọ ọ́ sínú òfin pé medium "newsletter" náà, ímeèlì ni. Ohun tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ pàápàá á tò sábẹ́ rẹ̀. Àmì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ gan-an ni ẹnikẹ́ni kò lè pa rẹ́. Bí o bá kọ "emial" lónìí, "emial" náà ni wàá máa bá níbẹ̀. (Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.)

Ajíṣirò · 12:20 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. "Email" 37, "Unassigned" 61, "Direct" tó fi bíi 170 lé sí tojoojúmọ́. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 268. Ẹ̀rọ ímeèlì ní 412. Ó ku 144 tí a kò rí. Bí ẹ tún gbogbo líǹkì ṣe tán, ẹ kò ní rí gbogbo wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín.

Àwọn kan nínú wọn kì í ṣe èèyàn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ní ẹ̀rọ tó máa ń ṣọ́ ímeèlì tó ń wọlé fún òṣìṣẹ́ wọn, á tẹ gbogbo líǹkì inú rẹ̀ wò bóyá ewu wà níbẹ̀, kí ẹni tó ni lẹ́tà tó rí i. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lè ka ìyẹn sí títẹ̀. Analytics kì í sábà kà á, torí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí kì í ṣiṣẹ́ JavaScript ojú ewé, ìyẹn kóòdù tí Analytics fi ń ka àlejò. Mo ti rí i rí: mo fi lẹ́tà ránṣẹ́, kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ẹnì kan ti tẹ líǹkì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà níbẹ̀, tó fi mọ́ èyí tó wà fún yíyọ orúkọ kúrò. Èèyàn wo ló ń kàwé báyẹn?

Ìyókù jẹ́ èèyàn, ṣùgbọ́n a kò lè kà wọ́n: ẹni tó kọ̀ kúkì nígbà tí ìkànnì bi í, ẹni tó ní ohun tó ń dènà ìpolówó lórí bíráúsà rẹ̀, ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ falẹ̀ tó ti pa á dé kí ojú ewé tó ṣí. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà wà, títẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, ìbẹ̀wò ẹyọ kan ni.

Ìbéèrè kan, Afìwéránṣẹ́: "Traffic acquisition" lo wò, àbí "User acquisition"? Èkejì yẹn, ọ̀nà tí ẹnì kan kọ́kọ́ gbà mọ ìkànnì rẹ ló ń sọ. Ẹni tó ti ẹ̀rọ ìṣàwárí wá lọ́dún tó kọjá tó wá forúkọ sílẹ̀, bó ti wù kó ti ímeèlì wọlé tó, kò ní hàn sábẹ́ ímeèlì níbẹ̀.

Afìwéránṣẹ́ · 12:41 ọ̀sán

"Traffic acquisition" ni, sà. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe dáadáa.

Tẹ́lẹ̀ṣe · 1:10 ọ̀sán

Gbogbo ẹ kò le tó báyìí. Èmi máa ń fi àdírẹ́sì ímeèlì oníbàárà sínú utm_content. Mo ń mọ ẹni tó wọlé gan-an, lórúkọ-lórúkọ.

Màmá Líǹkì · 1:14 ọ̀sán

Yé! Yọ ọ́ kúrò lónìí. Google kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ohun tó lè fi èèyàn hàn ránṣẹ́ sínú Analytics, àdírẹ́sì ímeèlì sì wà nínú ohun tí òfin wọn dárúkọ. Yàtọ̀ sí tìyẹn, ojú gbangba ni utm wà. Bí oníbàárà rẹ bá ṣe ẹ̀dà líǹkì yẹn tó fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp, àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ ló fi ń ránṣẹ́ kiri yẹn, kò sì mọ̀.

Ajíṣirò · 1:20 ọ̀sán

Kí ló tilẹ̀ fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀rọ ímeèlì ti mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ ni kó ti wò ó.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp tí Màmá mú wá yẹn náà ń da ìṣirò rú. Gbogbo ẹni tó bá tẹ líǹkì náà nínú ẹgbẹ́ yẹn, "Email" ni yóò kà wọ́n sí. Kò sí bí a ṣe lè ṣe é, kí ẹ ṣáà ti mọ̀.

Tẹ́lẹ̀ṣe · 1:33 ọ̀sán

Mo ti gbọ́. Mo ń yọ ọ́.

Afìwéránṣẹ́ · 2:50 ọ̀sán

Ọ̀gbẹ́ni Wáyà, ó já bọ́ lóòótọ́! Mo lẹ̀ ẹ́ sínú fèrèsé àdáni, mo tẹjú mọ́ ibi àdírẹ́sì. Líǹkì gígùn náà hàn, ojú ewé funfun fún ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí fọ́tò máa jáde, https://www.example.com/eko/ nìkan ló kù lókè. Kò sí àmì ìbéèrè kankan. Bọ́tìnnì yẹn sì ni mo fi àwọ̀ pupa kùn kí gbogbo ayé lè tẹ̀ ẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ojúlówó àdírẹ́sì ni màá máa lò. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kí n fi líǹkì kúkúrú bò ó, torí ó gùn, ó sì burẹ́wà? Ẹ̀rọ ímeèlì mi tún ní ibi tí èèyàn ti lè ní kó máa fi utm sí gbogbo líǹkì fúnra rẹ̀, ṣé kí n tàn án?

Ọ̀gbẹ́ni Wáyà · 3:05 ọ̀sán

Má fi mọ ní líǹkì nìkan. Ní kí ẹni tó ń bójú tó ìkànnì rẹ tún ìdarí yẹn ṣe, kó máa gbé ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè dání. Lẹ́tà tó ti jáde kò ṣeé pè padà. Ẹlòmíì á ṣí i lóṣù tó ń bọ̀, bọ́tìnnì àtijọ́ náà ló máa tẹ̀.

Líǹkì kúkúrú: rárá. Ẹ̀yìn bọ́tìnnì ló wà, ta ló ń rí i? Àwọn tó ń fi ímeèlì lu jìbìtì fẹ́ràn líǹkì kúkúrú, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Ajíṣirò sọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àgbà Òwò · 3:12 ọ̀sán

Níbi tí ẹ bá ti ń tẹ̀wé tàbí kọ ọ́ sára àwòrán, líǹkì kúkúrú dára o.

Ọ̀gbẹ́ni Wáyà · 3:15 ọ̀sán

Níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ímeèlì là ń sọ.

Màmá Líǹkì · 3:40 ọ̀sán

Ti kó máa fi utm sí i fúnra rẹ̀: ó rọrùn, kì í sì í gbàgbé. Mailchimp àti irú wọn ní i. Ṣùgbọ́n orúkọ tí òun bá yàn ni wàá máa bá nínú ìjábọ̀, nígbà mìíràn á gùn bí ọ̀nà odò. Èmi fẹ́ràn kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì ni kó o mú, àmọ́ má ṣe lò wọ́n pọ̀, utm_source méjì lára líǹkì kan kò dáa.

Bí o bá máa fọwọ́ kọ ọ́, ṣí àtẹ kan sórí Excel. Òpó kan fún orúkọ, òpó kan fún ọjọ́, òpó kan fún líǹkì odindi. Lẹ́tà kékeré nìkan, kò sí àmì ohùn, kò sí àlàfo, dáàṣì ni kó o fi so ọ̀rọ̀ pọ̀. Má ṣe kọ ọ́ láti orí, inú àtẹ ni kó o ti máa mú un. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi kọ "leta", ìwọ kọ "iwe-iroyin", ẹnì kẹta kọ "Leta", ó di ọ̀nà mẹ́ta fún lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ohun kan tún wà tó máa ń mú ènìyàn. Bí o bá fẹ́ kí líǹkì gbé wọn lọ tààrà sí ibi fọ́ọ̀mù lójú ewé, tí # wà nínú àdírẹ́sì, iwájú # ni utm ń gbé, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbé e sẹ́yìn rí. Ojú ewé ṣí, ó dúró sókè gbagidi, kò lọ síbi fọ́ọ̀mù, torí bíráúsà ń wá ibì kan tó ń jẹ́ "foomu?utm_source=leta". Ibo ló máa rí i?

Kò-Pẹ́-Dé · 7:55 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ tèmi kí ẹlòmíì má baà ṣe é. Nígbà tí mo kọ́ utm, ó dùn mọ́ mi débi pé mo fi sára líǹkì inú ìkànnì mi náà, láti ojúlé dé ojú ewé ìsanwó. Nígbà Universal Analytics nìyẹn, ẹ̀dà Analytics tó ṣáájú GA4, kí Google tó dá a dúró ní July 2023. Ẹni tó ti ímeèlì wọlé, tó bá tẹ pátákó tó wà lójúlé, Analytics á ní ìbẹ̀wò tuntun ló bẹ̀rẹ̀, "pátákó" ló rán an wá. Odidi oṣù méjì ni mo fi ń yin pátákó mi pé òun ló ń tajà. GA4 kì í bẹ̀rẹ̀ ìbẹ̀wò tuntun nítorí utm mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè da ẹni tí a máa yìn fún títà rú. Ẹ̀yìn òde ìkànnì ni utm mọ.

Ajíṣirò · 8:10 alẹ́

Ẹ ṣé fún òótọ́ yẹn.

Kí n fi èyí kún un torí ẹnì kan bi mí níkọ̀kọ̀: rárá, iPhone kì í yọ utm. iOS 17 máa ń yọ àwọn àmì tó ń tọpa ẹnì kọ̀ọ̀kan, irú gclid ti Google àti fbclid ti Facebook, nínú Mail, Messages àti fèrèsé àdáni Safari. Ohun tí Apple ti bà jẹ́ fún àwa tó ń ránṣẹ́ ni iye ẹni tó ṣí lẹ́tà. Láti iOS 15 ní 2021, Mail lè kó àwòrán inú lẹ́tà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ á wá ní ẹni náà ti ṣí i. Ẹni náà lè máa sùn.

Afìwéránṣẹ́ · Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, 9:02 àárọ̀

Mo padà wá jábọ̀. Lẹ́tà tuntun jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, líǹkì mẹ́ta, àdírẹ́sì kan náà, utm_content nìkan ló yàtọ̀: botinni, aworan, isale. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, mo sì rí ara mi nínú "Realtime", ibi tí Analytics ti ń fi àwọn tó wà lórí ìkànnì lọ́wọ́lọ́wọ́ hàn, kó tó pé ìṣẹ́jú méjì. Mo mú sùúrù ọjọ́ méjì fún ìyókù.

Ẹ̀rọ ímeèlì ní 389. Analytics ní "Email" 251. "Direct" ti padà sí 22, "Unassigned" jẹ́ 0.

Èyí tó yà mí lẹ́nu: bọ́tìnnì pupa ló gba títẹ̀ jù, 160. Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀ gba 48 péré, ṣùgbọ́n nínú àwọn mọ́kànlá tó ra ẹ̀kọ́, méje ti ibẹ̀ wá. Àwọn tó ka lẹ́tà dópin ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé iye owó ẹ̀kọ́ náà lọ sísàlẹ̀ yẹn, ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Àgbà Òwò · 9:30 àárọ̀

Méje nínú mọ́kànlá. Kóòdù mi kò lè sọ èyí fún mi lóòótọ́. Màmá Líǹkì, ẹ fi àtẹ Excel yẹn ránṣẹ́ sí mi.

Dáwódù · 9:47 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí "Unassigned" tèmi wò. Mò ń bọ̀.